Ọmọ mi rí Fisk gbà ní Nashville, bàbá ẹ̀ ò gbà

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà, Fisk University ti gba ọmọbìnrin mi, bàbá ẹ̀ ní òun ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí, kó lọ ṣe nọ́ọ̀sì ní state school. Kí lẹ rí sí i? Ìyá Tómi, Houston.

Èsì: Ìyá Tómi, ẹ kú oríire o. Ẹ bá mi sọ fún Dádì pé Fisk kì í ṣe ilé ìwé tó hù lánàá. 1866 ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú, arúgbó ń jókòó ti ọmọdé ní kíláàsì. Nígbà tówó tán, àwọn ọmọ ilé ìwé yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin káàkiri ní 1871, wọ́n kọ ọ́ dé iwájú Queen Victoria, owó orin yẹn ni wọ́n fi kọ́ Jubilee Hall tó ṣì wà níbẹ̀. Du Bois, gbajúmọ̀ òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà yẹn, jáde níbẹ̀ ní 1888.

Ohun tẹ́ ẹ máa múra sí ni pé liberal arts ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, wọ́n á jẹ́ kọ́mọ tọ́ gbogbo ẹ̀ wò kó tó mú major, lítíréṣọ̀ o, sáyẹ́ǹsì o, orin o. Irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀ lọmọ mi ọkùnrin lọ, biology la jọ sọ, ló bá pè mí ní year two pé òun ti yí i sí history. Mo ń bọ̀ láti night shift, mo ní ṣé ìtàn ló máa san school loan? Ó dákẹ́, ó wá ní kí lorúkọ bàbá bàbá mi, wọ́n ní káwọn kọ nípa ìdílé àwọn. Mo ní kó jẹ́ kí n sùn ná. Kò bi mí mọ́. Kérésì ọdún yẹn, ilé àbúrò bàbá ẹ̀ ló lọ, títí di báyìí tó bá pè, "I'm fine, Mummy" lásán ni.

Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe, ta ló ń san rẹ́ǹtì? Gbogbo wa la sọ Gẹ̀ẹ́sì sí wọn nílé kí tíṣà má baà ní wọn ò gbọ́, ohun tó yẹ kó gbọ́ ní pálọ̀ mi ló wá ń wá ní láíbìrì.

Ẹ jẹ́ kó lọ jàre. Private ni o, ẹ wo financial aid letter yẹn dáadáa, èwo ni grant tẹ́ ẹ ò ní san padà, èwo ni loan, ìyókù ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ti Dádì, mi ò mọ èyí tí mo lè sọ, Dádì tiwa náà ṣì ń bínú. Deposit ẹ̀ di ọjọ́ wo? Ẹ má jẹ́ kó kọjá o.