Ọkọ Di Ẹni Ọdún 66: Kí Ni Yóò Yí Padà Nínú Owó Àìlera Aya Rẹ̀?

Lẹ́tà mẹ́ta nínú àwọn tó wọlé sí wa lóṣù yìí dá lórí ohun kan náà: tọkọtaya tí ara ọ̀kan nínú wọn kò le, tí ọ̀kan sì ti tó gba owó ìfẹ̀yìntì ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí ẹnìkejì kò tíì tó o. Iye owó tí a mẹ́nu bà nínú àwọn ìdáhùn yìí jẹ́ ti ọdún ìṣúná tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2025, fún àwọn tó ń gbé ní England àti Wales. Ní Scotland, Adult Disability Payment ló rọ́pò PIP (Personal Independence Payment, owó ìjọba fún ẹni tí àìlera ń dí lọ́wọ́), ṣùgbọ́n Universal Credit (owó ìrànwọ́ ìjọba fún agbo ilé tí owó tó ń wọlé fún wọn kò tó) kan náà ni wọ́n ń gbà níbẹ̀.

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Ẹni ọdún 58 ni mí, Peckham ní London ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú mi ní apá òsì ni mo ti ń gba PIP. A tún jọ ń gba Universal Credit, tí owó ilé àti àfikún owó nítorí àìlera mi wà nínú rẹ̀, nítorí pé owó tí ọkọ mi ń rí níbi iṣẹ́ ìmọ́tótó tó ń ṣe ní òwúrọ̀ kò tó nǹkan. Ní oṣù kejì ọdún 2026 ni yóò pé ẹni ọdún 66. Arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní bí ó bá ti di ẹni ìfẹ̀yìntì báyìí, owó àìlera mi ti dópin nìyẹn, àti pé kí a yáa pa Universal Credit tì, kí a lọ béèrè fún Pension Credit, owó ìrànwọ́ àwọn àgbà tó ti dé ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì tí owó wọn kò tó. Ṣé òótọ́ ni?
*Ìyá tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, Peckham*

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ sì kú ìfaradà. Ẹ má pa Universal Credit tì. Owó tó jẹ́ tiyín nìkan kò ní yí padà. Èyí tí ẹ̀yin àti ọkọ yín jọ ń gbà ni yóò yí padà, kì í sì í ṣe bí arábìnrin yẹn ṣe rò ó.

PIP yín kò ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú ọkọ yín. Àwọn tó ń san án kì í béèrè iye tó ń wọlé fún un tàbí iye tí ẹ ní ní báńkì, ọjọ́ orí rẹ̀ kò sì kàn wọ́n. Ohun tí àìlera ń dí yín lọ́wọ́ láti ṣe ni wọ́n ń wò, wọn a sì san £73.90 tàbí £110.40 lọ́sẹ̀ fún ìtọ́jú ara lójoojúmọ́, àti £29.20 tàbí £77.05 fún ìrìn, gẹ́gẹ́ bí àìlera náà bá ṣe le tó. Kódà nígbà tí ẹ̀yin fúnra yín bá dé ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì, tí yóò jẹ́ ọdún 67 fún àwọn ẹgbẹ́ yín, PIP tí ẹ ti ń gbà kò ní torí ìyẹn dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún àwọn òǹkàwé wa tó ń gba New Style ESA (owó fún ẹni tí àìlera kò jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ) nítorí owó National Insurance tí àwọn fúnra wọn ti san: owó ìfẹ̀yìntì ọkọ tàbí aya kò lè dín in kù.

Ti Universal Credit yàtọ̀, nítorí owó agbo ilé ni. Títí di ọdún 2019, bí ọ̀kan nínú tọkọtaya bá ti dé ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì, àwọn méjèèjì lè bọ́ sórí Pension Credit. Láti ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún ọdún náà ni ìjọba ti yí òfin padà, tí ó fi jẹ́ pé tọkọtaya tí ọ̀kan ti dé ọjọ́ orí yẹn tí ẹnìkejì kò tíì dé e kò lè bẹ̀rẹ̀ Pension Credit mọ́. Orí Universal Credit ni wọn yóò wà títí ẹni tó kéré jù yóò fi tó o. Àwọn tó ti wà lórí Pension Credit kí ọjọ́ náà tó dé ni òfin fi sílẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí owó wọn kò bá ti já. Nítorí náà, bí ẹ bá béèrè fún Pension Credit ní oṣù kejì, wọn yóò dá yín padà, bí ẹ bá sì ti pa Universal Credit tì kí ìdáhùn wọn tó dé, inú òfo ni ẹ ó wà.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì kì í ṣe kékeré rárá. Pension Credit máa ń gbé owó tọkọtaya dé £346.60 lọ́sẹ̀, tó súnmọ́ £1,502 lóṣù, nígbà tí ìpìlẹ̀ Universal Credit fún tọkọtaya jẹ́ £628.10 lóṣù. Àfikún nítorí àìlera yín, tó jẹ́ £423.27, gbé tiyín dé £1,051.37, yàtọ̀ sí owó ilé. Àfikún náà dí lára àlàfo ọ̀hún, ṣùgbọ́n kò dí i tán. Lójú tèmi, àwọn abirùn àti àwọn tó ń tọ́jú wọn ni òfin yìí dùn jù, nítorí pé àwọn ni kò lè fi iṣẹ́ dí ohun tó kù.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin àti ọkọ yín jókòó sí dáadáa ni ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ rẹ̀ àti owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, nítorí Universal Credit kò fi ojú kan náà wo méjèèjì. Níwọ̀n bí wọ́n ti gbà pé àìlera kò jẹ́ kí ẹ lè ṣiṣẹ́, tí owó ilé sì wà nínú owó yín, wọn kì í fọwọ́ kan £411 àkọ́kọ́ nínú owó iṣẹ́ tó bá wọlé lóṣù. Lára èyí tó bá lé, kọ́bọ̀ 55 ni wọ́n ń yọ nínú pọ́ùn kọ̀ọ̀kan. Ká ní £700 ló ń mú wálé lóṣù, £158.95 péré ni wọn yóò yọ, £541.05 yóò sì kù fún yín. Owó ìfẹ̀yìntì ìjọba kò ní irú àánú bẹ́ẹ̀: gbogbo pọ́ùn tó bá wọlé ni wọ́n ń yọ pátápátá. Bí tirẹ̀ bá jẹ́ £180 lọ́sẹ̀, tí í ṣe £780 lóṣù, £780 gan-an ni Universal Credit yín yóò fi dínkù.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Bí ọkọ yín bá gba owó ìfẹ̀yìntì tí ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, iye tó wà nínú ilé yín kò ní fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Bí ó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tó pé ẹni ọdún 66, pẹ̀lú èrò pé owó ìfẹ̀yìntì yóò rọ́pò owó iṣẹ́, £541.05 yóò kúrò nínú ilé lóṣooṣù, kò sì ní sí ohun tí yóò rọ́pò rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè fi dandan mú un ṣiṣẹ́ mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ orí yẹn, bí ara bá sì ti rẹ̀ ẹ́, ìsinmi tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kí ó mọ iye tí ìsinmi náà yóò ná yín kí ó tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.

Àwọn kan yóò ní kí ó má tíì béèrè fún owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kí Universal Credit má baà dínkù. Èyí kò wúlò fún yín. Bí ẹni tó wà lórí Universal Credit bá ti dé ọjọ́ orí náà tí kò béèrè fún owó tó tọ́ sí i, wọn yóò ṣe ìṣirò bí ẹni pé ó ti ń gbà á, ẹ ó sì pàdánù níhà méjèèjì. Nítorí náà, kí ó béèrè fún un bí lẹ́tà ìjọba bá ti dé, nítorí owó náà kì í dédé wá fúnra rẹ̀, kí ẹ sì kọ iye rẹ̀ sínú journal yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì (ojú ìwé tí ẹ fi ń bá ọ́fíìsì Universal Credit sọ̀rọ̀) lọ́gán, torí owó tí wọ́n bá san lé, wọn yóò gbà á padà.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó ìpamọ́. Lórí Universal Credit, tọkọtaya tó bá ní ju £16,000 lọ kò lè gba ohunkóhun, bí owó náà bá sì ti kọjá £6,000, wọ́n á máa yọ £4.35 lóṣù fún £250 kọ̀ọ̀kan tó lé. Bí ọkọ yín bá kó owó ìfẹ̀yìntì ibi iṣẹ́ rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, inú ìṣirò yìí ló ń bọ̀. Ilé tàbí ilẹ̀ tí ẹ rà sí Nàìjíríà náà wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣe bí ẹni pé ohun tó wà nílé kò kan ìjọba ibí.

Ìbéèrè: Ẹni ọdún 61 ni mí ní Manchester, ìyàwó mi sì jẹ́ ẹni ọdún 70. Làkúrègbé ti mú un débi pé èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́, tí mo sì ń wọṣọ fún un, mo sì ti dín iṣẹ́ mi kù nítorí rẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ nìkan ló ń gbà. Ṣé kí a béèrè fún PIP?
*Bàbá Ìbejì, Manchester*

Ìdáhùn: Ó ti pẹ́ fún PIP, nítorí ẹni tí kò tíì dé ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì nìkan ló lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Attendance Allowance, owó ìtọ́jú fún aláìlera tó ti dé ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì, ni kí ìyàwó yín béèrè fún: £73.90 lọ́sẹ̀ bí ó bá jẹ́ ọ̀sán nìkan tàbí òru nìkan ló nílò ìrànlọ́wọ́, £110.40 bí ó bá jẹ́ tọ̀sán-tòru. Kò sí owó ìrìn nínú rẹ̀, èyí tó máa ń ká àwọn àgbà lára, àìlera náà sì gbọ́dọ̀ ti wà fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán kí wọ́n tó san án, àfi bí ó bá jẹ́ àìsàn tí dókítà gbà pé òpin ẹ̀mí rẹ̀ ti súnmọ́lé. Wọn kì í béèrè iye tí ẹ ní.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo Universal Credit, nítorí pé ọjọ́ orí tiyín ló gbé agbo ilé yín síbẹ̀. Wọn kò ní ka Attendance Allowance mọ́ owó tó ń wọlé fún yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn yóò ka owó ìfẹ̀yìntì ìyàwó yín pátá. Nítorí pé ẹ ń tọ́jú rẹ̀, bí ó bá tó wákàtí 35 lọ́sẹ̀ tí ó sì ti ń gba Attendance Allowance, £201.68 ni wọn yóò fi kún un lóṣù, wọn kò sì ní fi dandan mú yín wá iṣẹ́. Carer's Allowance, owó ìjọba fún ẹni tó ń tọ́jú aláìlera, ní òpin owó iṣẹ́, £196 lọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n àfikún inú Universal Credit kò ní irú òpin bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ £110.40 ni wọ́n fún ìyàwó yín, òfin Universal Credit yóò tún kà á sí ẹni tí kò lè ṣiṣẹ́ rárá láìpè é fún àyẹ̀wò mìíràn, àfikún àìlera yóò sì bọ́ sínú owó yín pẹ̀lú. Nítorí náà, Attendance Allowance ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè fún.

Ìbéèrè: Ẹni ọdún 69 ni mí, mo ń gba Pension Credit àti Attendance Allowance. Ìyàwó mi, ẹni ọdún 49, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìbàdàn pẹ̀lú físà, wọ́n sì kọ ọ́ sí i pé kò gbọdọ̀ gba owó ìrànwọ́ ìjọba. Ṣé tèmi yóò dúró?
*Òǹkàwé kan, Luton*

Ìdáhùn: Attendance Allowance yín kò ní dúró. Ní ti Pension Credit, níwọ̀n ìgbà tí físà ìyàwó yín bá ṣì ní ìdènà yẹn, òfin Pension Credit kò kà á mọ́ yín, bí ẹni tó dá wà ni wọn yóò ṣe máa ṣírò tiyín, òfin ọdún 2019 kò sì ní mú yín. Síbẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún ọ́fíìsì Pension Credit pé ó ti dé. Bí £82.90 tí wọ́n ń fún ẹni tí àìlera rẹ̀ le bá wà nínú owó yín, ẹ jẹ́ kí Citizens Advice, àjọ tó ń gba aráàlú nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́, bá yín yẹ̀ ẹ́ wò, torí bí àgbàlagbà mìíràn bá wọ inú ilé, ó lè kan ìyẹn.

Ọjọ́ tí ẹ nílò láti múra sílẹ̀ dè ni ọjọ́ tí ìyàwó yín bá gba ìwé ìgbé-pípẹ́. Láti ọjọ́ náà ni wọn yóò ti máa kà yín sí tọkọtaya tí ọjọ́ orí wọn kò dọ́gba, Pension Credit yín yóò dópin, ẹ̀yin méjèèjì yóò sì ní láti jọ béèrè fún Universal Credit, pẹ̀lú òpin £16,000 tí kò sí nínú èyí tí ẹ ń gbà báyìí.