Mọ́nítọ̀ tó ń pẹ́ kó tó tàn: ẹ má tíì ra òmíràn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní mọ́nítọ̀ yín kì í tètè tàn láàárọ̀ mọ́: iná kékeré ìsàlẹ̀ rẹ̀ á máa ṣẹ́jú, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn, ó sì ń pẹ́ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àmọ́ tó bá ti di ọ̀sán, bí ẹ bá ṣe tẹ̀ ẹ́ báyìí ló ń tàn. Ẹ tún ní ẹni tó bá yín wò ó sọ pé ojú rẹ̀ ló ti kú, kí ẹ lọ ra òmíràn. Èmi ò gbà fún un. Ojú tó ti kú kì í jí lọ́sàn-án. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ni mo ní ní Ìbàrà l’Abẹ́òkúta níbí, mọ́nítọ̀ tòkunbọ̀ ló kún inú rẹ̀, àìsàn yìí sì ti mú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u, ẹ yọ wáyà tó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kó ku wáyà iná nìkan. Àárọ̀ ni kí ẹ tàn án, nígbà tí ara rẹ̀ ti tutù mọ́jú. Mọ́nítọ̀ tó dá ṣáká á kọ “No Signal” (kò rí àwòrán gbà) láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Kò nílò kọ̀ǹpútà láti kọ ìyẹn. Tó bá tètè kọ ọ́, ẹ fi mọ́nítọ̀ sílẹ̀, kọ̀ǹpútà tàbí wáyà ló lẹ́jọ́. Ó sì lè jẹ́ pé Auto ni Input rẹ̀ (ihò tí àwòrán ń gbà wọlé) wà, tó ń fúnra rẹ̀ wá ihò VGA, tó ń wá HDMI, kó tó kan èyí tí ẹ ń lò. Ẹ wọ mẹ́nù rẹ̀, kí ẹ yan èyí tí ẹ so mọ́ ọn, ìyẹn tán.

Ṣùgbọ́n tí “No Signal” fúnra rẹ̀ bá ń pẹ́, bọ́ọ̀dù tó ń pín iná nínú rẹ̀ ni kí ẹ fura sí, pàápàá àwọn kapásítọ̀ ara rẹ̀, àwọn rìbìtì kéékèèké tó dúró lóòró yẹn. Iná 230V (fólítì 230) ló ń ti ara ògiri wá. Bọ́ọ̀dù yẹn ló ń sọ ọ́ di 5V tàbí 12V tí inú mọ́nítọ̀ lè lò. Ẹ fojú amù wo kapásítọ̀: omi ẹ̀rọ lè máa ṣe ségesège, ẹni tó ń bu látinú amù kò ní mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kapásítọ̀ ń tọ́jú iná kó lè máa lọ déédéé. Omi gidi kan tún wà nínú rẹ̀, ooru ló sì ń gbẹ ẹ́. Bó bá ti gbẹ díẹ̀, iná ò ní dúró dáadáa mọ́, bọ́ọ̀dù á gbìyànjú láti gbéra, á ṣubú, á tún gbìyànjú. Ṣíṣẹ́jú tí iná ìsàlẹ̀ ń ṣẹ́ nìyẹn. Bó bá ń gbìyànjú bẹ́ẹ̀ lọ, inú rẹ̀ á máa gbóná, omi tó ṣẹ́ kù náà á túbọ̀ gba iná kọjá, mọ́nítọ̀ á sì tàn. Ìdí nìyí tó fi ń burú lásìkò ọyẹ́.

Níbi tí iná kì í ti í lọ, mọ́nítọ̀ kì í tutù tán, olówó rẹ̀ lè má mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe é. Tiwa l’Abẹ́òkúta ńkọ́? Iná á lọ, ara rẹ̀ á tutù, iná á tún dé pẹ̀lú ìjà. Èmi gbà pé òun ló ń jẹ́ kí tòkunbọ̀ tó “ń ṣiṣẹ́ dáadáa” nígbà tí a rà á máa ṣàìsàn kété tó bá dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn tó ti pẹ́, onígun mẹ́rin 17 inch yẹn, tún ní tiwọn lọ́tọ̀: ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, kapásítọ̀ tí omi inú rẹ̀ kò dára jáde láti Taiwan, wọ́n sì wọ inú kọ̀ǹpútà àti mọ́nítọ̀ káàkiri ayé.

Ohun tí mo fi ń mọ̀ ọ́n láìtú u ni ẹ̀rọ tí àwọn onídìrí fi ń gbẹ irun. Ẹ fi sí èyí tí kò gbóná jù, kí ẹ fẹ́ ẹ sí àwọn ihò ẹ̀yìn mọ́nítọ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ wá tàn án. Tó bá tàn lójú ẹsẹ̀, kapásítọ̀ ni. Tí kò bá yí padà, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sójú rẹ̀ nínú òkùnkùn. Bí ẹ bá rí àwòrán fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, iná ẹ̀yìn rẹ̀, èyí tó ń tan ìmọ́lẹ̀ sí ojú rẹ̀ látinú, ni kò tàn, àtúnṣe ìyẹn sì yàtọ̀.

Tí tiyín bá jẹ́ èyí tó ń lo ádápítọ̀ lóde, ẹ kọ́kọ́ yá òmíràn tí V rẹ̀ bá a mu, tí A rẹ̀ (ańpíà, ìwọ̀n iná tó lè pèsè) kò sì dín. Tí iná bá ń wọ inú rẹ̀ tààrà, ẹ má tú u fúnra yín. Kapásítọ̀ ńlá kan wà níbi tí iná ti ń wọlé, 400V tàbí 450V ni wọ́n sábà máa ń kọ sára rẹ̀. Iná inú rẹ̀ lè lé ní 300V, ó sì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ lára ògiri. Ẹ gbé e lọ bá ẹni tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe. Wọ́n mọ bọ́ọ̀dù iná ju àwọn tó ń fi Windows sí kọ̀ǹpútà lọ. (Wọn ò ní fẹ́ gbọ́ èyí, àmọ́ òótọ́ ni.)

Tí ẹni tó ń tún un ṣe bá ṣí i, tó ní orí kapásítọ̀ kankan ò wú, ìyẹn ò ní kó dára. Kó fi mítà wọn ESR rẹ̀, ìyẹn bí inú rẹ̀ ṣe ń dènà iná tó. Àwọn tó máa fi sí i, kí µF wọn (ìwọ̀n iná tí wọ́n lè tọ́jú) bá ti tẹ́lẹ̀ mu, V wọn lè ga ju ti tẹ́lẹ̀ ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dín: 1000µF 25V lè rọ́pò 1000µF 16V tí àyè bá gbà á. Low ESR (tí ESR rẹ̀ kéré) ni kó jẹ́, kí wọ́n sì kọ 105°C, ooru tó lè fara dà, sára rẹ̀. Kó má yọ ọ́ lára rédíò tó ti kú. Ọjọ́ orí tirẹ̀ náà ti lọ. Tí kò bá sí lọ́dọ̀ rẹ̀, kó ránṣẹ́ sí ọjà Àlàbá l’Ékòó. Kó pààrọ̀ gbogbo àwọn kéékèèké tó wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kó sì kó àwọn tó yọ lé yín lọ́wọ́ kí ẹ tó sanwó.