Ìbéèrè àti ìdáhùn: Ṣé iṣẹ́ fómánù ni wọ́n fẹ́ lọ kọ́ mi ní yunifásítì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí sẹ́kọ́ńdìrì, Construction Management ni mo sì fẹ́ lọ kà ní yunifásítì. Bàbá mi ní àwọn ò gbọ́ irú ẹ̀ rí, pé tó bá jẹ́ iṣẹ́ ilé kíkọ́ ló wù mí, kí n lọ ka Civil Engineering, pé èyí tí mò ń sọ yìí, iṣẹ́ fómánù ni, ẹni tí ò kàwé gan-an ń ṣe é. Ìṣirò ò le fún mi, físíìsì ni mi ò fi bẹ́ẹ̀ nífẹ̀ẹ́ sí. Kí ni wọ́n máa kọ́ mi gan-an, irú iṣẹ́ wo ni mo sì lè rí tí mo bá jáde? Ẹ má bínú tí ìbéèrè mi bá ti pọ̀ jù.

ÌDÁHÙN: Kò pọ̀ rárá, àbúrò. Bàbá ẹ ò sì fi bẹ́ẹ̀ jẹ̀bi, torí fómánù ni gbogbo èèyàn tó ń kọjá lọ ń rí, òun ló wọ akoto, òun ló ń pariwo. Àwọn tó jókòó ti kọ̀ǹpútà nínú ọ́fíìsì kékeré tó wà lẹ́yìn sáìtì, ta ló ń wò wọ́n?

Jẹ́ ká mú ọjọ́ kan ṣoṣo, ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ da kọnkéré dẹ́kìn ilé alájà. Ẹnjiníà ti ṣe tiẹ̀ tipẹ́, ó ti ṣírò bí dẹ́kìn ṣe máa nípọn tó, iye irin tó máa wọnú ẹ̀ àti agbára tí kọnkéré gbọ́dọ̀ ní. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn, tó bá ṣì í ṣírò ilé lè wó pa èèyàn. Ó dáa, ta ló wá pe ẹni tó máa yẹ irin wò kí wọ́n tó bò ó, nígbà tó jẹ́ pé tí kọnkéré bá ti bo irin kò sẹ́ni tó máa rí i mọ́? Ta ló mọ̀ pé kọnkéré tí wọ́n pò sínú ọkọ̀ ò gbọ́dọ̀ pẹ́ lọ́nà ju nǹkan bíi wákàtí kan ààbọ̀ lọ, torí ó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í le, pàápàá tí oòrùn bá mú, tó sì ti bá àwọn tó ń bójú tó ojú ọ̀nà sọ̀rọ̀ kí ọkọ̀ má bàa há síbì kan? Ta ló ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń gbọn kọnkéré méjì wá, torí tó bá jẹ́ ọ̀kan tó sì dákú láàárín iṣẹ́, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn? Ta ló bi plọ́mbà bóyá ó ti fi páìpù ẹ̀ síbi tó yẹ, kó má di pé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ wọ́n á tún máa fi hámà lu dẹ́kìn tuntun? Ta ló rí i pé wọ́n bu kọnkéré díẹ̀ sínú àwọn àpótí onírin kéékèèké, 150 mílímítà ní ìhà kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n máa lọ fọ́ ní láábù lọ́jọ́ keje àti lọ́jọ́ 28? Tó bá di ọjọ́ keje, agbára ẹ̀ yẹ kó ti tó nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta èyí tó máa ní lọ́jọ́ 28. Tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, àsìkò nìyẹn láti bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ọ̀rọ̀, kó tó di pé o gbé àjà méjì míì lé e lórí.

Gbogbo ìyẹn, iṣẹ́ máníjà ni, kò sì fọwọ́ kan ṣọ́bìrì.

Fómánù ń kọ́? Fómánù dáa o, èyí tó bá mọ iṣẹ́ ẹ̀ lára wọn lè kọ́ ẹ ní nǹkan tí lẹ́kíṣọ́rà ẹ ò mọ̀, má fojú tẹ́ńbẹ́lú wọn láéláé. Àmọ́ iṣẹ́ òní àti ti ọ̀la ló wà lójú tiẹ̀. Ẹni tó ka Construction Management, iṣẹ́ oṣù mẹ́fà sí ọdún kan ló gbọ́dọ̀ máa wò. Wo lífítì bí àpẹẹrẹ: ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é lè gbà tó oṣù mélòó kan kó tó fi ránṣẹ́, ihò tó máa wọ̀ sì gbọ́dọ̀ bá ìwọ̀n ẹ̀ mu, torí náà nígbà tí wọ́n ṣì ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ lo ti gbọ́dọ̀ mọ lífítì tẹ́ ẹ fẹ́ rà. Ilé lè parí tán, kí wọ́n kùn ún tán, kó kàn máa dúró de lífítì, owó orí ẹ̀yáwó ò sì dúró de ẹnì kankan ní tiẹ̀.

Ọgbọ́n tí wọ́n fi ń mọ iṣẹ́ tí kò gbọ́dọ̀ pẹ́ ni wọ́n ń pè ní critical path. Ní 1957 ni James Kelley àti Morgan Walker gbé e kalẹ̀ nígbà tí DuPont, ilé iṣẹ́ kẹ́míkà kan ní Amẹ́ríkà, ń wá bí wọ́n ṣe máa dín àsìkò tí iṣẹ́ wọn ń gbà kù. Wàá kọ gbogbo iṣẹ́ sílẹ̀, wàá kọ ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa gbà àti èyí tí kò lè bẹ̀rẹ̀ àfi tí òmíì bá parí, wàá wá rí i pé àwọn kan so kọ́ra bíi ṣéènì, tí ọ̀kan nínú wọn bá fi ọjọ́ kan pẹ́ gbogbo ilé ti fi ọjọ́ kan pẹ́ nìyẹn, àwọn yòókù sì lè falẹ̀ díẹ̀ kó má ṣe nǹkan kan. Ìṣirò ẹ̀ ò kọjá àròpọ̀ àti àyọkúrò. Mímọ̀ ọjọ́ tí iṣẹ́ máa gbà lóòótọ́ ló le, kọ̀ǹpútà ò sì lè bá ẹ mọ ìyẹn.

Tó o bá fẹ́ kí Bàbá rí ohun tí mò ń sọ, sọ ìtàn ilé méjì yìí fún wọn. Empire State Building ní New York, àjà 102, oṣù kẹta 1930 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún 1931 ni wọ́n ṣí i. Ohun tó mú un yá ni pé wọ́n ṣètò bí ẹrù ṣe ń wọlé débi pé wọ́n to ojú irin kékeré sí àwọn àjà kí kẹ̀kẹ́ lè máa ti bíríkì dé ọ̀dọ̀ àwọn bíríkìlà. Ìkejì ni Sydney Opera House ní Ọsirélíà. 1959 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọn ò tíì mọ bí òrùlé ẹ̀ ṣe máa rí, nígbà tí wọ́n wá mọ̀ ọ́n, àwọn òpó tí wọ́n ti kọ́ ò lágbára tó láti gbé e, ni wọ́n bá tún wọn kọ́. 1973 ló tó parí, owó tí wọ́n ní kò ní ju mílíọ̀nù 7 dọ́là Ọsirélíà lọ di mílíọ̀nù 102. Ilé náà rẹwà títí dòní, kò sẹ́ni tó jiyàn ẹ̀, kì í sì í ṣe pé àwọn ẹnjiníà ẹ̀ ò mọṣẹ́.

Ẹ̀kọ́ ẹ̀ wàyí. Lọ́pọ̀ ibi, ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin ni, àwọn yunifásítì kan máa ń fi ọdún kan sí i tí wàá fi lọ ṣiṣẹ́ níta. Wàá kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ilé àti ohun tí wọ́n fi ń kọ́ ọ, bí wọ́n ṣe ń ka àwòrán ilé, bí wọ́n ṣe ń wọn iṣẹ́ tí wọ́n á sì fowó lé e, ìtòlẹ́sẹẹsẹ iṣẹ́, ààbò lórí sáìtì, ìṣírò owó ilé iṣẹ́, àti lílo kọ̀ǹpútà fún BIM, ìyẹn àwòrán ilé tó gbé gbogbo ìmọ̀ nípa ilé náà sínú. Físíìsì díẹ̀ wà níbẹ̀ o, kóòsì kan tàbí méjì lórí bí ilé ṣe ń gbé ẹrù ara ẹ̀, o ò lè sá fún un, àmọ́ kò tó ti Civil. Èyí tó máa ń bá àwọn ọmọ lójijì ni òfin àdéhùn. Wọ́n rò pé ilé làwọn wá kọ́, ni wọ́n bá bá ara wọn nídìí FIDIC, ìyẹn ìwé àdéhùn iṣẹ́ ilé kíkọ́ tí wọ́n ń lò káàkiri ayé, tí wọ́n ń ka ẹsẹ ìwé kan lẹ́ẹ̀mẹrin kí wọ́n lè mọ ẹni tó máa ru àdánù tí òjò bá dá iṣẹ́ dúró. Tí kíkàwé bá ń sú ẹ, ibẹ̀ lo ti máa mọ̀.

Iṣẹ́ tó wà níwájú ẹ ju ọ̀kan lọ. Ọ̀nà tó lọ tààrà ni kó o bẹ̀rẹ̀ bí igbákejì máníjà sáìtì, kó o di máníjà, kó o wá di project manager. Àmọ́ àwọn kan ń ṣe planner, tó jẹ́ pé critical path tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn ni wọ́n ń jẹ ní àárọ̀ àti alẹ́, Primavera P6, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń to iṣẹ́, ò sì ní kúrò lójú kọ̀ǹpútà wọn. Estimator ló ń ṣírò iye tí agbaṣẹ́ṣe máa pè kó tó gba iṣẹ́, tó bá pè é jù wọn ò ní gbé e fún un, tó bá dín in jù ó máa rí iṣẹ́ gbà kó lè fi pàdánù owó, iṣẹ́ ẹni tó lè jókòó kó sì fọkàn balẹ̀ ni. Àwọn tí mo rò pé wọn ò níye tó ni àwọn tó ń bójú tó àdéhùn àti klémù, ìyẹn bíbéèrè owó tàbí àsìkò kún èyí tó wà nínú àdéhùn. Lọ́pọ̀ àdéhùn, onílé máa ń dá bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó dúró, á san ìdajì ẹ̀ tí ilé bá parí, ìyókù di ìgbà tí agbaṣẹ́ṣe bá ti tún gbogbo àléébù ṣe. Ẹni tí àkọsílẹ̀ ẹ̀ bá pé ló máa ń gba owó yẹn láìjà. Àwọn yòókù wà ní ààbò sáìtì, BIM, bíbójú tó ilé lẹ́yìn tó bá parí, báńkì tó ń yáni lówó kọ́lé, àti ọ̀dọ̀ onílé fúnra ẹ̀, tí wọ́n ní oorun díẹ̀ sí i níbẹ̀.

Ohun tí dìgírì yìí ò ní ṣe fún ẹ ni kó sọ ẹ́ di ẹni tó ń ṣírò irin àti òpó ilé, tó ń ya àwòrán wọn, tó sì ń fọwọ́ sí i. Tó bá jẹ́ ìyẹn ló ń wù ẹ́ nísàlẹ̀ ọkàn ẹ, a jẹ́ pé Bàbá sọ òótọ́, lọ ka Civil kó o sì bá físíìsì jà. Ẹni tó ka Civil lè yà wá sí máníjà lẹ́yìn ọ̀la, ẹni tó ka tiwa máa padà sílé ìwé kó tó lè yà síbẹ̀, ìyàtọ̀ yìí tó rò dáadáa.

Kó o tó fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀, kọ̀wé sí dípátímẹ́ǹtì náà, bi wọ́n bóyá ẹgbẹ́ kan tó mọ iṣẹ́ yìí ti fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ wọn. CIOB, ẹgbẹ́ àwọn tó ń kọ́lé ní Bìrìtéènì, tó ti wà láti 1834, jẹ́ ọ̀kan, RICS tó jẹ́ ti àwọn sọ̀féyọ̀ náà wà, ní Amẹ́ríkà ACCE ló ń yẹ irú ẹ̀kọ́ yìí wò. Bi wọ́n bóyá yunifásítì ló máa bá ẹ wá ibi tó o ti máa ṣiṣẹ́ níta àbí ìwọ lo máa wá a fúnra ẹ, torí ọmọ tó ti lo oṣù díẹ̀ lórí sáìtì kó tó gboyè ni wọ́n ń kọ́kọ́ pè. Kó o tún bi wọ́n mélòó nínú àwọn olùkọ́ wọn ló ti ṣiṣẹ́ yìí rí. Tí wọ́n bá ń yí ọ̀rọ̀ po lórí èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, wá ibòmíì.