Yàrá méjì lẹ́yìn ilé lórí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́: ẹ má tíì pe típà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìnáwó. Ẹ ní ẹ fẹ́ fi yàrá méjì, ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12, kún ẹ̀yìn ilé yín ní Iléṣà. Ẹ ní láti ẹ̀yìn ilé dé ibi tí ògiri tuntun máa wà, ilẹ̀ rọ̀ sísàlẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, àti pé bíríkìlà yín ní kí ẹ kọ́kọ́ da ilẹ̀ pupa sí i kó tẹ́jú kí òun tó gbẹ́ fáńdéṣọ̀n. Ẹ tún bèèrè bóyá ẹ lè fa òrùlé àtijọ́ bo yàrá tuntun.

Rárá o! Ilẹ̀ tí típà bá gbé wá kì í ṣe ilẹ̀ tí ilé ń dúró lé. Òjò á máa tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, igun ìsàlẹ̀ á bá a lọ, ògiri á sì là láti etí fèrèsé. Ilẹ̀ tí Ọlọ́run dá síbẹ̀ lẹ máa gbẹ́ dé. Búlọ́ọ̀kù ló máa gbé ilé sókè, ilẹ̀ pupa á wá wọ inú àpótí tí búlọ́ọ̀kù ti ṣe.

Kòtò fáńdéṣọ̀n á máa sọ̀ kalẹ̀ bí àtẹ̀gùn, kó fẹ̀ ní ìnṣì 27, kọnkéré ìnṣì mẹ́sàn-án nínú rẹ̀. Ìnṣì mẹ́sàn-án ni kí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan ga, torí gíga búlọ́ọ̀kù kan nìyẹn. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á máa fọ́ búlọ́ọ̀kù fi dí àlàfo. Kọnkéré òkè gbọ́dọ̀ gun orí ti ìsàlẹ̀ ní ìnṣì 18. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àtijọ́, ẹ má gbẹ́ kọjá ìsàlẹ̀ fáńdéṣọ̀n rẹ̀, ẹ má sì ṣí gbogbo ẹ̀gbẹ́ náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ máa gbẹ́ ẹ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin-mẹ́rin, kí ẹ da kọnkéré sí ọ̀kan kí ẹ tó ṣí òmíràn.

Bí fúlọ̀ tuntun bá sọ̀ ju ti àtijọ́ lọ ní búlọ́ọ̀kù méjì (ẹ ó fi àtẹ̀gùn mẹ́ta, ìnṣì mẹ́fà-mẹ́fà, sọ̀ kalẹ̀ láti ilé àtijọ́), ògiri ìsàlẹ̀ á gba kóòsì (ìlà búlọ́ọ̀kù) mẹ́rin, nǹkan bí búlọ́ọ̀kù 64. Ògiri mẹ́ta tó kù (ẹ̀gbẹ́ méjì àti ti àárín) á gba nǹkan bí 48. Ẹ ra 125, torí àfọ́. Ilẹ̀ pupa á jẹ́ típà tọ́ọ̀nù márùn-ún lẹ́ẹ̀marùn-ún. Tí ẹ bá ní dandan kí fúlọ̀ dọ́gba, búlọ́ọ̀kù 80 tún nìyẹn, ilẹ̀ pupa á di ìlọ́po méjì, ìsàlẹ̀ á sì ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ: níbẹ̀, ẹnjiníà lẹ máa pè.

Dídà ilẹ̀ yìí ló ń ba ilé jẹ́, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Wọ́n á dà á tán lọ́sàn-án kan, wọ́n á yí omi lé e, wọ́n á ní ó ti dì. Irọ́ ni! Ẹ fi kọnkéré kún ihò búlọ́ọ̀kù, kí ògiri gbẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ wá máa dà á ní ìnṣì mẹ́fà-mẹ́fà, ẹ wọ́n omi sí i kó tutù láìdi ẹrẹ̀, kí ẹ gún un. Tó bá ṣì ń dún pọ̀, kò tíì dì. Tó bá ń dún kì, tí igi ń ta àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó ń gún un, ẹ da ìpele tó kàn.

Omi ńkọ́? Omi tó bá há sẹ́yìn ògiri, òṣómàálò ni: á lóṣòó tì í títí á fi gbowó rẹ̀. Ẹ ki páìpù ìnṣì mẹ́ta sínú ògiri ìsàlẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún síra, kó ga díẹ̀ ju ilẹ̀ ìta lọ, kó sì dagun síta. Ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ sẹ́yìn rẹ̀ kó nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, kí ẹ fi àpò hínhun bò ó kí ilẹ̀ má baà dí i. Kí ẹ dúró ti ẹni tó ń rẹ́ ògiri, torí wọ́n fẹ́ràn láti fi sìmẹ́ńtì dí ẹnu páìpù kó lè dán.

Ẹ gba àṣẹ ìjọba o. Àwọn tó máa wá wò ó á dúró ní géètì, wọ́n á fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára ògiri, wọn ò ní dé ẹ̀yìn tí wàhálà wà. Ẹni tó ń ya púláànù náà á yà á bí ẹni pé pápá bọ́ọ̀lù ni. Ẹ ní kó ya ilẹ̀ ní ìbú, kí ìdagun rẹ̀ hàn. Bí ilé ìwẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, ẹ wo ìsàlẹ̀ bóyá kànga aládùúgbò wà níbẹ̀ kí ẹ tó gbẹ́ ṣọkéwéè.

Ògiri tuntun kò gbọ́dọ̀ wọnú ti àtijọ́. Ti àtijọ́ ti jókòó tán, tuntun ṣì máa jókòó. Ẹ fi àlàfo ìnṣì kan sáàárín wọn, kí ẹ fi fóòmù dí i. Oṣù Kọkànlá ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, kí gbogbo iṣẹ́ ilẹ̀ tán kí òjò oṣù Kẹta tó dé.

Mo ti fẹ́ gbàgbé òrùlé. Ó ṣe é fà. Bó bá ń sọ̀ ìnṣì mẹ́ta ní ẹsẹ̀ bàtà kan, á sọ̀ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta kó tó dé ògiri ìsàlẹ̀. Ògiri ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá á ku méje, gíga ilẹ̀kùn lásán. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí fúlọ̀ sọ̀. Páànù tuntun ni kó wọ abẹ́ ti àtijọ́ ní ìnṣì mẹ́sàn-án, kó má gùn ún.