Ṣé sísè omi odò ń yọ kẹ́míkà oko kúrò?

Ìbéèrè: Àgbẹ̀ ni mí ní abúlé kan nítòsí Ìsẹ́yìn. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, odò kékeré tí a ń pọn mu máa ń dàrú. Tó bá yá, nǹkan aláwọ̀ ewé á bo ojú rẹ̀, ẹja á kú, wọn a léfòó. Ìyàwó mi ní tí a bá ti sè é, kò séwu. Ọmọ wa kò tíì pé oṣù 4. Ṣé òótọ́ ni? Kí ni a lè ṣe sí odò náà?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ oko o. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni n ó kọ́kọ́ sọ, torí òun ni kò gbọdọ̀ dúró di ọ̀la. Ẹ má fi omi yẹn po oúnjẹ ọmọ, bí ẹ tilẹ̀ sè é. Ọmú ìyá nìkan ti tó ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6. Bó bá jẹ́ wàrà inú agolo ló ń mu, ẹ wá omi tó dájú láti ibòmíràn.

Iná ń pa kòkòrò àrùn, nítorí náà kí ẹ̀yin àgbà má ṣíwọ́ sísè. Ṣùgbọ́n náítíréètì, kẹ́míkà kan tó ń ti ara ajílẹ̀ àti ìgbẹ́ màlúù wọ inú omi, kì í bá ooru lọ. Omi ló ń fà lójú iná. Náítíréètì á jókòó sínú ìkòkò, á sì wá pọ̀ nínú omi tó ṣẹ́kù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó má ju mílígíráàmù 50 lọ nínú lítà omi kan. Bó bá pọ̀ jù lára ọmọ jòjòló, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní lè gbé afẹ́fẹ́ káàkiri ara dáadáa mọ́, ètè àti èékánná rẹ̀ á máa ṣú. Bí ẹ bá rí èyí, ilé ìwòsàn ló yá. Álọ́ọ̀mù náà kò lè yọ náítíréètì kúrò nínú omi, ẹrẹ̀ ló ń fà sílẹ̀.

Ní ti odò, orí ilẹ̀ ni àìsàn rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí a bá ro oko dé etídò, tí a tún fi oògùn pa gbogbo koríko, kò sí gbòǹgbò tí yóò di ilẹ̀ mú. Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Nínú oko, àwa ni onílé. Ajílẹ̀ tí ẹ fowó rà fún àgbàdo ló ń bọ́ nǹkan aláwọ̀ ewé yẹn. Nígbà tó bá kú tó ń jẹrà, ó máa ń tán afẹ́fẹ́ inú omi, ẹja á wá máa yọ ẹnu sókè ní ìdájí. Ṣùgbọ́n bí ẹja bá kú lójijì lẹ́yìn tí ẹnì kan fín oko, oògùn ni kí ẹ fura sí. Ẹ má jẹ irú ẹja bẹ́ẹ̀.

Bó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo lẹ lè ṣe, ẹ dá etídò padà fún igbó. Mítà 10 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kó sì fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ níbi tí ilẹ̀ bá ti da gẹ̀rẹ́. Mo mọ̀ pé ó ń dunni, torí ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀fọ́ ẹ̀ẹ̀rùn ti ń ṣe dáadáa. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọ̀pẹ tàbí oparun lè wà níbẹ̀, tí koríko bá ṣáà bo ìdí wọn, tí ẹnikẹ́ni kò sì fín oògùn síbẹ̀.

Kí ebè dábùú ìdagẹ̀rẹ́ ilẹ̀, kó má kọjú sódò. Ẹ gbẹ́ ihò fún ajílẹ̀, kí ẹ bò ó, kí ẹ sì pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì. Bí òjò bá ṣú, ẹ dá a dúró. Ẹ má fọ ẹ̀rọ tí ẹ fi ń fín oko lódò láé: orí oko ni kí ẹ da omi tí ẹ fi ṣan án sí. NAFDAC ti fòfin de oògùn apakoríko méjì: Paraquat láti ọdún 2024 àti Atrazine láti ọdún 2025, nítorí náà bí wọ́n bá ṣì ń tà wọ́n lọ́jà yín, ẹ má rà wọ́n.

Oko tiyín nìkan kò lè tún odò náà ṣe. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, kí ẹ̀yin àti baálẹ̀ rìn lọ sókè odò, kí ẹ wo ẹni tó ń ro oko wọ omi, ibi tí màlúù ti ń mu, àti ibi tí omi ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fún fún gàrí ń ṣàn gbà. Májèlé wà nínú omi ẹ̀gẹ́ yẹn, ó ń pa ẹja. Ihò tó jìnnà sódò àti sí kànga ló yẹ ẹ́. Kí ẹ bá àwọn darandaran ṣàdéhùn pé ìsàlẹ̀ ibi tí ẹ ti ń pọn omi ni màlúù yóò ti máa mu.