Ẹ jẹ́ kí tíṣà àti nọ́ọ̀sì àwọn ọmọ yín mọ ohùn yín

Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú o. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ohun tí ẹ kọ. Ẹ ní ó ti tó ọdún méjì tí ẹ̀yin àti ìyá àwọn ọmọ ti pínyà, pé ẹ wà ní Manchester, àwọn ìbejì yín sì wà lọ́dọ̀ ìyá wọn ní Ìkòròdú, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Owó yín kì í yẹ̀ lóṣooṣù. Síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n ti fa omi sí Kẹ́hìndé lára nítorí ibà ni ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́, àbúrò yín tí ẹ sì rán lọ gba èsì ìdánwò nílé-ìwé, ọwọ́ òfo ló mú bọ̀. Ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ gbé ìyá wọn lọ sí kóòtù.

Ẹ jẹ́ ká fi ti kóòtù sílẹ̀ ná. Leeds ni èmi ń gbé, ọ̀dọ̀ bàbá wọn ní Ìbàdàn sì ni àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà láti 2019 tí a ti pínyà. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń wo ìyá tó fi ọmọ sílẹ̀ lọ sókè òkun lọ́dọ̀ wa. Ojú mi ló rí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Lọ́dún àkọ́kọ́, owó ni mo ń fi ránṣẹ́, mo sì rò pé ó tó. Bàbá wọn á ya àwòrán káàdì èsì, á fi í sórí WhatsApp, èmi á wo máàkì àti ipò, màá kí ọmọ kú oríire, ó parí. Lọ́jọ́ kan ni mo fẹ àwòrán náà lójú fóònù, tí mo rí ohun tí tíṣà fi bírò kọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá: pé àbíkẹ́yìn mi máa ń dìde lọ síwájú kó tó lè da ohun tó wà lójú pátákó kọ. Mo wá èsì taamu tó ṣáájú jáde. Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà níbẹ̀, ìkọ̀wé kan náà. Bàbá rẹ̀ rò pé àìfarabalẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Èmi ò tilẹ̀ kà á. Ọmọ ò rí ọ̀ọ́kán ni, taamu méjì gbáko. Awò ojú ló yanjú rẹ̀. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ lò ó, ó pè mí, ó ní, "Mọ́mì, mò ń rí ewé igi máńgòrò tó wà lódìkejì títì, ọ̀kọ̀ọ̀kan."

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wá àwọn tó ń rí àwọn ọmọ mi lójoojúmọ́ kàn fúnra mi.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ilé-ìwé. Inú mi dùn sí ilé-ìwé tó dá àbúrò yín padà. Wọn ò mọ̀ ọ́n rí, orúkọ rẹ̀ ò sí nínú ìwé wọn. Tí wọ́n bá lè kó ìwé ọmọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ lónìí, wọ́n lè fa ọmọ lé gbọ́mọgbọ́mọ lọ́wọ́ lọ́la. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé-ìwé, kì í ṣe pé kí ẹ ká ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ lo orúkọ yín bó ṣe wà lórí ìwé ìbí àwọn ọmọ, ẹ so ẹ̀dà ìwé ìbí náà àti ti pásípọ́ọ̀tù yín mọ́ ọn. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀dọ̀ ìyá wọn ni wọ́n ń gbé, pé ẹ ò wá da ètò rẹ̀ rú, pé ohun mẹ́ta ni ẹ ń tọrọ: kí wọ́n máa fi ẹ̀dà èsì ránṣẹ́ sí ímeèlì yín, kí wọ́n fi yín sínú ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn òbí, kí nọ́ńbà yín sì wà lára èyí tí wọ́n máa pè bí nǹkan bá ṣe ọmọ.

Kí lẹ́tà náà tó lọ, ẹ fi han ìyá wọn. Mo mọ̀ pé èyí lè dùn yín. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹnu ọ̀gá ilé-ìwé ló ti máa gbọ́ ọ, ọkàn rẹ̀ á sọ fún un pé ẹ fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ òun ni, ó sì lè kó wọn kúrò níbẹ̀.

Owó ilé-ìwé, àkáǹtì ilé-ìwé ni kí ẹ máa san án sí tààrà, kí ẹ sì gba rìsíìtì lórúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ti oúnjẹ àti ti ilé ni kó máa lọ sọ́dọ̀ ìyá wọn. Ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún un ṣáájú, kó má baà dà bíi pé olè ni ẹ pè é.

Ẹ wá máa bá tíṣà wọn sọ̀rọ̀. Láti òpin oṣù Kẹta dé òpin oṣù Kẹwàá, aago Manchester àti ti Ìkòròdú dọ́gba. Nígbà òtútù, tiwọn fi wákàtí kan ṣáájú tiyín. Ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ béèrè àkókò tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá jáde. Ẹ̀ẹ̀mejì ní taamu kan ti tó. Ẹ má bi í pé "Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe?", torí "Wọ́n ń ṣe dáadáa, sà" ló máa fi dá yín lóhùn. Ẹ bi í níbi tí Táíwò ń jókòó sí, ẹni tó ń bá ṣeré, iṣẹ́ àṣetiléwá tí Kẹ́hìndé ò ṣe lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ sì béèrè wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn èèyàn fẹ́ràn láti máa sọ̀rọ̀ ìbejì bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ẹnì kan.

Ti ìlera ló le jù. Ẹ ní ìyá wọn fi àìsàn Kẹ́hìndé pa mọ́ fún yín. Ẹ rántí ìgbà ìkẹyìn tó pè yín pé ara ọmọ gbóná: kí lẹ kọ́kọ́ sọ? Bàbá àwọn ọmọ mi sọ ọ́ sí mi lójú pé ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ sọ ni "Ibo lo wà tí ẹ̀fọn fi jẹ ọmọ?", pé ìdí tí òun fi ń dákẹ́ nìyẹn. Òótọ́ ló sọ. A wá fẹnu kò. Ẹni tó wà lọ́dọ̀ ọmọ á kọ gbólóhùn kan: "Ara rẹ̀ gbóná, à ń lọ sí ọsibítù." Èmi á dáhùn pé, "Mo ti rí i. Èló ni kí n fi ránṣẹ́?" Bí ìjà bá wà, ó di ọjọ́ mìíràn. Láti ìgbà náà, kò tíì sí àìsàn kankan tó pẹ́ kí n tó gbọ́.

Ẹ bẹ ìyá wọn kó ya àwòrán káàdì àjẹsára àwọn méjèèjì fún yín. Ẹ kọ genotype wọn àti oògùn tí ara wọn kọ̀ sínú fóònù yín. Tí wọn ò bá tíì yẹ genotype wọn wò, ẹ sanwó rẹ̀ báyìí. Kẹ́hìndé tí ẹ ní ó jẹ́ obìnrin ti dé ọjọ́ orí abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ: láti oṣù Kẹwàá 2023 ni Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń gbà á. Ẹ bi ìyá rẹ̀ bóyá ó ti gbà á.

Èkó tún ní ètò ìbánigbófò ìlera ti ìpínlẹ̀, Ilera Eko ni wọ́n ń pè é. Ẹ san án fún wọn, kí ẹ sì jẹ́ kí ìyá wọn ló yan ọsibítù, torí òun ló máa gbé ọmọ débẹ̀ lóru. Ìyá tó ti ní káàdì lọ́wọ́ kì í jókòó ṣírò owó kó tó gbé ọmọ jáde nílé.

Tí ẹ bá ṣe gbogbo èyí tí kò sì gbà, ẹ jẹ́ kí àbúrò yín lọ béèrè ní Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ jókòó sọ ọ́ ni, kò sí pé ẹnì kan jàre. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kóòtù, bí ẹ sì ṣe ṣègbéyàwó ló máa sọ èyí tí ẹ máa lọ. Tó bá jẹ́ rẹ́gísírì, ilé-ẹjọ́ gíga ni, lábẹ́ Matrimonial Causes Act ti 1970, òfin tó wà fún ẹjọ́ ìgbéyàwó. Abala 71 rẹ̀ ní ire ọmọ ni adájọ́ máa gbé síwájú. Tó bá jẹ́ ìdána nìkan, kóòtù ìbílẹ̀ ni. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí Èkó ṣe ní 2007 náà, ire ọmọ ló fi ṣáájú. Nítorí náà, "Ọmọ mi ni" nìkan ò lè gbé yín débi kan níwájú adájọ́. Ohun tó ṣeé kọ sílẹ̀ ni kí ẹ béèrè: èsì ìdánwò ní taamu kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n pè yín lọ́jọ́ náà gan-an tí wọ́n bá dá ọmọ dúró sí ọsibítù, ìpè orí fídíò lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìpè náà wádìí ọ̀rọ̀ ìyá wọn lẹ́nu wọn. Àwọn tèmi máa ń gbé fóònù ti ìgò omi lórí tábìlì, wọ́n á máa ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, èmi á máa lọ aṣọ ibi iṣẹ́ mi. Nígbà mìíràn, ìṣẹ́jú mẹ́wàá á kọjá tí ẹnikẹ́ni ò sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, ọ̀kan á ní, "Mọ́mì, etí kan ń dùn mí láti àná."

Oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n máa wọlé sí kíláàsì tuntun, tíṣà wọn á sì yí padà. Ẹ kọ lẹ́tà yẹn kó tó dìgbà náà. Tí ẹ bá fẹ́ kí n bá yín wò ó, ẹ gbé e síbí, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ yọ orúkọ àwọn ọmọ àti ti ilé-ìwé kúrò.