Akọ ológbò tó ní òkúta nínú àpò ìtọ̀: ẹ wo bóyá ìtọ̀ ń jáde ná

Ìbéèrè yín ni bóyá oúnjẹ tí dókítà ẹranko júwe nìkan lè yọ́ òkúta inú àpò ìtọ̀ akọ ológbò yín láìsí iṣẹ́ abẹ. Irú òkúta ló sinmi lé. Bó bá jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní struvite, ó lè yọ́ ọ. Bó bá jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní calcium oxalate, kò sí oúnjẹ tó lè yọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ẹ ní ó ń wọ àpótí iyanrìn rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ṣé ìtọ̀ ń jáde? Ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa tèmi nìyẹn. Á lóṣòó, á fún ara rẹ̀ títí, á ké, ẹ̀kán kan ò ní bọ́. Mo pe dókítà ẹranko, ó ní ìgbẹ́ ló dí i, kí n fún un ní òróró mu. Kò rí i, kò fọwọ́ kàn án! Nígbà tí ilẹ̀ máa fi ṣú, ó ti ń bì, ara rẹ̀ ti tutù, ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ le bí ọsàn. Dókítà mìíràn ló sọ pé potassium, èròjà kan tó yẹ kó bá ìtọ̀ jáde, ti kún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, pé ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège. Wọ́n ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ojú ìtọ̀ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ló ṣáájú. Wọ́n yọ rọ́bà, ó tún dí. Akọ tí kò bá rí ìtọ̀ tọ̀, ẹ gbé e lọ lóru náà. Ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ níkùn o, àpò ìtọ̀ lè bẹ́.

Láti mọ irú òkúta tó jẹ́, wọ́n á ṣe X-ray àti àyẹ̀wò ìtọ̀, ẹ mọ ìyẹn. Òkúta tí wọ́n bá yọ, kí wọ́n gbé e lọ sí láàbù. Àwọn kan á kàn dà á nù, wọ́n á ní ojú ti tó àwọn láti mọ irú èyí tó jẹ́. Irọ́ ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ajá, struvite tiwọn sábà máa ń tinú kòkòrò àrùn wá, oúnjẹ láìsí oògùn apakòkòrò ò lè ṣe é. Ti Dalmatian, irú ajá kan, sábà máa ń jẹ́ urate, irú òkúta mìíràn, X-ray lásán sì lè má rí i.

Ẹni tó ní kẹ́ ẹ fún ológbò yín ní vitamin C, ẹ má dá a lóhùn: ara lè sọ ọ́ di oxalate, èyí tó wà nínú òkúta calcium oxalate.

Omi ló ṣe pàtàkì jù, kí ìtọ̀ má ki. Oúnjẹ inú agolo sàn ju gbígbẹ lọ. Bí òkúta bá ń kéré sí i, ó lè há sójú ìtọ̀ akọ, ẹ máa ṣọ́ ọ. Bó bá kọ oúnjẹ tuntun, ẹ má febi halẹ̀ mọ́ ọn. Ológbò tí kò jẹun fọ́jọ́ mélòó kan, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lè dàrú.